Ẹ Má Jẹ́ Kó Ta Gángan Rẹ̀

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Àkúrẹ́. Ìbéèrè wọn rèé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 17, ló ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ọlọ́run sì fún un ní ọwọ́ ìlù. Láti ìgbà tó ti parí ìdánwò WAEC ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ ta gángan náà, kí n fi owó lé e, kí n ra kíbọọ̀dù àti láptọ́ọ̀pù fún òun, pé ibẹ̀ ni orin wà báyìí. Bàbá rẹ̀ fárígá. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ba orin Yorùbá jẹ́, òun ló sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn onílù. Mi ò mọ ẹni tí mo máa gbè lẹ́yìn. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ ń pa orin wa? Kí ni kí n rà fún ọmọ yìí?"

Ìyá wa, ẹ kú àárò ọmọ. Bí apá yín bá ká a, ẹ ra kíbọọ̀dù náà, ṣùgbọ́n kí gángan má kúrò nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bá yín ka ìyókù, torí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ti ń lọ sí 30 ọdún tí mo ti ń fi kíbọọ̀dù jẹun láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Mo ti tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti tẹ̀ ẹ́ níbi ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè, mo sì ní yàrá kékeré kan tí mo ti ń ká orin sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Tí bàbá bá wá ní ẹ̀rọ gba oúnjẹ lẹ́nu onílù, mi ò lè jiyàn, torí ọwọ́ mi ni wọ́n fi gba oúnjẹ náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá bándì kan ṣeré ní ìlú Oǹdó nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1990. Ọ̀gá wa ra kíbọọ̀dù kan tó ní ìlù nínú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ní eré ìsìnkú. Mo gun bọ́ọ̀sì, mi ò rí alákúbà wa, mi ò sì rí ẹni tó ń lu sámbà. Orí ìjókòó wọn ni wọ́n tẹ́ kíbọọ̀dù sí, wọ́n fi ìró àǹkárá bò ó nítorí eruku. Kò sẹ́ni tó béèrè wọn. Nígbà tá a dóde, ọ̀gá tẹ bọ́tìnì kan, ìlù bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ geere, kò sinmi, kò béèrè omi, kò béèrè owó ọkọ̀. Owó tá a ti ń pín sí ọ̀nà 11 di ohun tá à ń pín sí 9. Alákúbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi 20 ọdún jù mí lọ, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìlù nínú ara kí ọwọ́ tó bọ́ sí i. Fún oṣù mélòó kan, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Màá tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí bàbá ò tíì rò mọ́ ọn ni pé ẹ̀rọ kan náà yìí ló kọ́kọ́ pe àwọn onílù jọ sídìí jùjú. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń ṣe jùjú ní Èkó, èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin ni bándì jùjú. Bánjò tàbí gìtá kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń gbọ̀n, ó parí. Wọn ò lè kó ìlù ńlá mọ́ ọn, torí ìlù á bo gìtá, á sì bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè fẹ́ lẹ máìkì kékeré kan mọ́ ohun èlò rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè gba inú sípíkà jáde. Ukulele-banjo ló ń ta, kò sì rí ibi tí máìkì yẹn máa dúró sí lára rẹ̀. Ó bá gbé e jù sílẹ̀, ó gba gìtá onípákó tó níkùn gbẹ̀ǹdẹ̀, tí máìkì rí ibi lẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni jùjú ti di orin gìtá gidi. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí bí ẹ̀rọ ṣe máa ń yan nǹkan fún olórin nìyẹn, ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ohun tó kéré tó ibi tí máìkì máa lẹ̀ mọ́.

Gìtá àti ohùn wá ń jáde ketekete lókè ìlù, ààyè ṣí sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, gángan rọ́ wọlé, àkúbà wọlé, agídìgbo wọlé. Bándì tó jẹ́ èèyàn mẹ́rin di mẹ́jọ, di mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di ìgbà Sunny Adé, ọmọ Oǹdó tiwa, gìtá mélòó kan àti oríṣiríṣi gángan ti ń dá ara wọn lóhùn lórí ìtàgé kan náà. Iná mànàmáná ló fàyè gba gbogbo wọn.

Báwo wá ni iná kan náà ṣe pe onílù wá, tó sì tún lé wọn lọ? Nígbà tó yá ni mo mọ ohun tó yẹ kéèyàn máa wò lára ẹ̀rọ: kí ló sọ di pọ́ọ́kú? Áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, sọ ohùn gooro di pọ́ọ́kú, bándì bá gba ọ̀pọ̀ èèyàn. Kíbọọ̀dù onílù sọ iṣẹ́ èèyàn márùn-ún di iṣẹ́ ẹnì kan, bándì bá dín kù. Àkókò tó sì dé bá wa nínú ìṣòro. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé SAP, ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, epo ọkọ̀, aṣọ ẹgbẹ́, oúnjẹ èèyàn 15, gbogbo rẹ̀ gbówó lórí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìdànrè ń wá olórin tí apá òun ká. Tùǹgbá tí Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Èkìtì, gbé dé ibi gbogbo lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó ní ní 1997, kíbọọ̀dù ló wà láàárín rẹ̀ gbọingbọin. Mo fẹ́ràn orin náà gan-an. Òun náà ló tún kọ́ gbogbo wa pé ẹni kan tó mọ kíbọọ̀dù í tẹ̀, pẹ̀lú akọrin tó já fáfá, lè gbá òde dání títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa, ìyá wa. Àkúbà lọ, sámbà lọ, agídìgbo di ohun à ń wá kiri. Gángan ò lọ. Kò sí òde tí mo lọ ní Àkúrẹ́ tí mi ò rí onígángan, kódà níbi tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé kíbọọ̀dù wá. Ìdí rẹ̀ ni pé kíbọọ̀dù dúró lórí irin rẹ̀, wáyà so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, kò lè rìn. Onígángan á rìn lọ bá ọlọ́jọ́ níbi tó jókòó sí, á tẹ̀ sí i létí, á pe bàbá rẹ̀, á pe ìyá ìyá rẹ̀, á pe oríkì tí ẹni náà ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọlọ́jọ́ á dìde, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀rọ ò tíì sọ ìyẹn di pọ́ọ́kú. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ lọ tà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí ọwọ́ olórin, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún àwọn ọmọ wa. Orí kíbọọ̀dù ni mo ti kọ́ dùùrù. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní transpose. Tí akọrin bá gbé orin sókè, èèyàn á kàn tẹ bọ́tìnì yẹn, ìka á máa jó níbi tó ti mọ́ ọn lára. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, C nìkan, ibi kan ṣoṣo nínú ibi 12 tí orin lè ti bẹ̀rẹ̀, ni ìka mi mọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí pé kí n wá bá ẹgbẹ́ akọrin kan ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Oǹdó. Dùùrù onígi ni mo bá níbẹ̀, kò ní bọ́tìnì kankan. Akọrin gbé orin ní E flat. Mo jókòó, ìka mi le gbagidi, orin ń lọ, mi ò lè bá a lọ. Ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọdún 15 ni wọ́n ní kó wá gba ìjókòó lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì ni mo fi ń tú ohun tí bọ́tìnì kan ṣe sí mi lọ́wọ́. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì níhìn-ín, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ọwọ́ wọn yá, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì mọ̀.

Ti ìlù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ Roland ní Japan gbé ẹ̀rọ ìlù kan jáde, TR-808. Bọ́tìnì 16 ló tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà kan gbọọrọ. Èèyàn á tẹ èyí tó bá fẹ́ kí ìlù dún, á fi èyí tó kù sílẹ̀. Nǹkan bí 12,000 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní 1983, síbẹ̀ àpótí 16 yẹn ò lọ mọ́. Ẹ ṣí FL Studio, ètò orin tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù tí gbogbo ọmọ wa ń lò lórí láptọ́ọ̀pù, àpótí 16 lẹ máa kọ́kọ́ rí, mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fi àwọ̀ pín wọn. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ kọ́ ìlù á gbà pé bí ìlù ṣe rí láyé nìyẹn.

Kónkóló ńkọ́? Agogo tí àwọn bàbá wa ń lù, kón, kón, kóló, kón, kóló, inú ìgbésẹ̀ ìlù 12 ló ń gbé, kì í ṣe 16. Nínú 12 yẹn, ẹsẹ̀ lè mú un ní mẹ́rin, ọwọ́ lè mú un ní mẹ́ta, ọ̀kan ò sì pa ìkejì lára, ibẹ̀ ni ijó Yorùbá ti ń rí adùn rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ti 12 yẹn bọ inú àpótí 16, "kóló" á nà, á di méjì tó jìnnà síra. Ijó á ṣì wà, àmọ́ ijó mìíràn ni. Ẹ tẹ́tí sí orin mẹ́wàá tó bá ń lọ lórí rédíò ní Àkúrẹ́ lónìí, ó ṣòro kí ẹ tó rí ọ̀kan tó wà nínú 12. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pé òun fẹ́ pa kónkóló. Àpótí ló kàn jẹ́ 16, ọwọ́ àwọn ọmọ bá lọ síbi tí àpótí wà.

Mo ní màá padà sọ́dọ̀ alákúbà wa. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, ó wá kí mi ní yàrá tí mo ti ń ká orin sílẹ̀. Mò ń to ìlù lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ kó rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó mu málítì rẹ̀ tán, ó gbé ìgò náà sáàárín orókún, ó fi ṣíbí lù ú pẹ̀lú ohun tó ń jáde. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ tètè dé." Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ojú àpótí gan-an ló wà, kò kúrò níbẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ní ó pé. Mo mú un, mo sún un sẹ́yìn díẹ̀ bí fọ́nrán irun. Ó ní kí n tún sún un. Mo sún un. Gbogbo orin náà bá jókòó, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo kalẹ̀. Ó dìde, ó ń jó lórí ìdúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tó tọ́ lójú ẹ̀rọ àti ibi tó tọ́ létí Yorùbá kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ibì kan náà, àti pé àwọn tó mọ bí àlàfo yẹn ṣe tó kì í pọ̀ mọ́.

Ohùn náà ńkọ́? Ìpínlẹ̀ kòkó là ń gbé, ẹ jẹ́ ká fi kòkó ṣe é. Ẹ pe kòkó, kí ẹ tún pe kókò, èyí tí à ń sè jẹ. Lórí kíbọọ̀dù, ọmọ kan lè tẹ kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ kó tó tẹ tòkè, kó ní kòkó ni òun pè. Àmọ́ ẹ tún pè é díẹ̀díẹ̀. Ìparí kòkó kì í bẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ ló ti ń gùn bọ̀. Ìparí kókò náà kì í já wálẹ̀ bí òkúta, ṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀. Gángan ń ṣe gbogbo ìyẹn, torí ọwọ́ onílù wà lórí ọṣán, ó ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ dùùrù dà bí àtẹ̀gùn, kò sí nǹkan kan láàárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì.

Ìdí nìyí tí orí mi fi máa ń wú tí mo bá rántí pé nígbà tí Sunny Adé fẹ́ ohun èlò oníná tuntun nínú jùjú, pedal steel guitar, gìtá àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà, ló mú. Démọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á fún un. Gìtá yẹn, irin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn. Ó lè gùn, ó lè yọ̀, ó lè sọ kòkó àti kókò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Island gbé orin rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní 1982 àti 1983, àwọn òyìnbó ní ohùn àjèjì kan wà níbẹ̀ tó ń kọrin bí èèyàn. Létí tiwa, gángan mìíràn ló dé, tó ń lo iná.

Ẹ fi ìyẹn wé bí ọ̀pọ̀ orin ṣe ń jáde báyìí. Prodúsà á kọ́kọ́ ṣe ohùn orin lórí kíbọọ̀dù, á fi ránṣẹ́ sí akọrin lórí WhatsApp, akọrin á wá máa wá ọ̀rọ̀ tó máa tò sí i. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú, orin á tẹ̀ lé e torí ohùn ti wà nínú ọ̀rọ̀. Tí orin bá ṣíwájú, tó lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, kòkó á di kókò lẹ́nu akọrin, ẹni tó ń gbọ́ á máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ Auto-Tune, ètò tó ń tún ohùn akọrin ṣe, náà ò jìnnà síbẹ̀. Andy Hildebrand, ará Amẹ́ríkà tó ṣe é ní 1997, iṣẹ́ wíwá epo rọ̀bì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n á rán ìró sínú ilẹ̀, wọ́n á ka bó ṣe padà wá, láti mọ ibi tí epo wà, irú epo tó wà ní Ìlàjẹ tiwa. Ìṣirò irú iṣẹ́ yẹn ló lò fún ohùn èèyàn. Ẹ̀rọ náà á gbọ́ ibi tí ohùn wà, á fà á lọ sórí kọ́kọ́rọ́ tó sún mọ́ ọn jù. Ohùn bíi ti Haruna Ishola nínú àpàlà, tó ń lọ́, tó ń yí, tó ń dúró láàárín kọ́kọ́rọ́ méjì nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, àṣìṣe ni ẹ̀rọ yẹn máa kà á sí. Mo ń lò ó nínú yàrá mi, mi ò purọ́. Mo máa ń dín in kù títí ohùn á fi tún lè yọ̀ díẹ̀. Àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọmọ tó ń kọ́ orin lọ́wọ́ gbọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́.

Bàbá lè ní, ṣé kò wá dáa ká fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ni? Rárá, sà. Àwọn tó ti gbá ẹ̀rọ mú láyé yìí, tí wọ́n sì fi ṣe ohun tí ẹni tó ṣe é kò rò rí, wọ́n pọ̀. Casio gbé kíbọọ̀dù kékeré kan jáde ní 1981, MT-40, fún ìgbádùn inú ilé. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Okuda Hiroko, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ náà, ló to ìlù sínú rẹ̀, ó pe ọ̀kan ní rock. Ní 1985, Noel Davey àti Wayne Smith ní Jàmáíkà tẹ bọ́tìnì yẹn. King Jammy, prodúsà wọn, fà á kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Wayne Smith kọ orin lé e, régè ìlú náà bá yí padà. Bọ́tìnì náà wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé, Jàmáíkà ló fà á wálẹ̀ títí ó fi bá ijó tiwọn mu. Kí n má fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́, àwọn onígìtá àti onílù tó ń jẹun ní sítúdíò ibẹ̀ náà rí ìjókòó bọ́ọ̀sì tiwọn lẹ́yìn náà. TB-303 ti Roland tún wà, tí wọ́n ṣe kó máa ṣe báàsì fún onígìtá tó ń dá ṣeré. Kò tà. Ó bọ́ sí ọjà àlòkù, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Chicago rà á ní pọ́ọ́kú, wọ́n ń yí bọ́tìnì rẹ̀ síbi tí kò yẹ kó dé, ó sì di ẹ̀yà orin ijó kan lódindi lẹ́yìn 1987. Nílé wa níhìn-ín, William Onyeabor ti dá jókòó sídìí synthesizer, kíbọọ̀dù tó ń fi iná dá ohùn, ní Enugu láti ìparí àwọn ọdún 1970, ó ń tẹ àwo tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní nǹkan kan nínú etí kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀rọ. Nǹkan yẹn ni wọ́n fi tẹ ẹ̀rọ lórí ba.

Ọmọ yín ní nǹkan yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni gángan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé orin ẹ̀mí wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun tún un ṣe. Ó ti fi ìró gángan kan sí i, tó rí gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń yí po. Mo tẹ́tí sí i. Akọrin ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀ tó kú, gángan ń béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé "owó dà, owó dà, owó dà." Òde àríyá kan ni ẹnì kan ti ká ìlù yẹn, wọ́n gé e kúrú, wọ́n tò ó mọ́ àwọn ìró mìíràn. Ọmọ náà ò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ. Omi bọ́ lójú mi, mo sì sọ fún un. A yọ ọ́. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé tó bá jẹ́ ọmọ yín ló jókòó síbẹ̀, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Gbogbo ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù ní Àkúrẹ́, ní Accra, ní London, ìró kan náà ni wọ́n ní nínú rẹ̀. Ó dára pé wọn ò ní láti wá owó ọkọ̀ Èkó mọ́ kí wọ́n tó ká orin sílẹ̀, ìgbà tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tètè dé. Ẹ má jẹ́ kó kúrò nínú ẹgbẹ́ ìlù ṣọ́ọ̀ṣì. Kó máa lu ìlù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kó máa tẹ kíbọọ̀dù nílé láàárín ọ̀sẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa rà: ẹ ra kíbọọ̀dù ṣáájú láptọ́ọ̀pù, kó lo fóònù tó ní fún gbígba ohùn sílẹ̀ ná. Tòkunbọ̀ dára tó. Kó ní kọ́kọ́rọ́ 61, kó jẹ́ irú èyí tó ń mọ̀ bóyá ìka rọra tẹ̀ ẹ́ tàbí ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, kó ní ihò USB tàbí MIDI tí wọ́n máa fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí owó bá dé. Tó bá délé, kó fi sítáìlì, ìyẹn ìlù tó ń lu ara rẹ̀ nínú kíbọọ̀dù, àti transpose sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Orin ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó mọ̀ dáadáa, kó kọ́ wọn ní ibi 12 tí orin lè ti bẹ̀rẹ̀ lórí dùùrù. Ó máa sunkún, ó máa mọ̀ ọ́n. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá dé, FL Studio ní èyí tí wọ́n ń dán wò lọ́fẹ̀ẹ́, kò kàn ní jẹ́ kó padà ṣí iṣẹ́ tó ti fi pa mọ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kó ìbínú bá a. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó ṣe níbẹ̀ ni kó sọ àpótí 16 di 12, ètò náà gbà bẹ́ẹ̀, kó to kónkóló sí i. Lẹ́yìn náà, kó ká gángan tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó fi ṣe orin àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tirẹ̀.

Nǹkan kan tún ṣẹ́ kù. Ní apá òsì kíbọọ̀dù, àgbá kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ń yí sókè-sódò, ó ń fa ohùn gùn, ó ń yọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ẹ má ra èyí tí kò ní in. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí bàbá rẹ̀ bá yín lọ, kí ọmọ náà gbé gángan rẹ̀ dání. Kó kọ́kọ́ fi gángan pe orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ kọ́kọ́rọ́, kó fi ọwọ́ òsì yí àgbá yẹn, kó tún orúkọ náà pè lórí kíbọọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tẹ́ síwájú yín. Kí bàbá di ojú. Èyí tí wọ́n bá dá lóhùn ni kí ẹ sanwó rẹ̀.